Ọrùn Ń Dun Baba Onípákó

Ọkùnrin kan wà tó ń gun òkè bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, gìtá lẹ́yìn, bàtà búùtù dúdú lẹ́sẹ̀, òógùn lójú. Ó ti pẹ́. Kó tó dé ẹnu géètì ibi ìlagi ló ti ń gbọ́ orin láti inú ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ṣeré, kì í ṣe tirẹ̀. Kò wọlé. Ó yà sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níta lẹ́bàá ṣẹ́ẹ̀dì, ó sọ gìtá kalẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọkàn sí ibi tó dúró sí yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Irú orin tí ẹ̀yin náà ń ṣe ni ọkùnrin yìí ń ṣe, orin líle tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tàlì. Bọ̀dá Gìtá ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ gbé orin náà dé ìlú yẹn, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n. Irin Gbóná ni tirẹ̀. Ìjì wà, Àpáta Dúdú wà, Eérú sì wà. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, ènìyàn méjìdínlógún ni.

Ojú wọn ti rí nǹkan. Wọ́n lé wọn kúrò ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan nítorí aṣọ dúdú. Wọ́n lé wọn kúrò ní ẹ̀yìnkùlé onílù Ìjì nítorí pé aládùúgbò ní ewúrẹ́ òun kò jẹun mọ́. Ilé ọtí kan gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ní kí wọ́n rọra ṣe é. Ta ló ń rọra bú ramúramù? Bí wọ́n bá sì rí ibi tí wọ́n gbà wọ́n, iná á lọ kí wọ́n tó de okùn gìtá tán.

Baba onípákó ló yọ wọ́n. Ibi ìlagi rẹ̀ wà lórí òkè, lẹ́yìn ìlú. Ó ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìlagi sì ti ń ké níbẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún, etí àwọn ará àdúgbò ti gbà á, ariwo kì í yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní Sátidé, bí iṣẹ́ bá ti parí ní aago kan, Baba á ní kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ṣe tiwọn. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi pé kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Irú ibẹ̀ kò sí méjì ní ìlú yẹn. Gbogbo wọn mọ̀.

Nígbà tó yá, oníṣòwò síméǹtì kan wá bá Baba, ó fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀dì náà kó ẹrù sí. Baba pe àwọn olórin jọ. Ó ní, "Èmi kò mọ orin yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń gbọ́ nǹkan bí mo bá rí i. Sátidé tó máa parí oṣù yìí, màá wá jókòó sínú ṣẹ́ẹ̀dì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá rí ènìyàn mẹ́wàá tó ń gbọ́ yín, ẹ máa lò ó lọ. Bí mi ò bá rí mẹ́wàá, síméǹtì á wọlé."

Ènìyàn mẹ́wàá péré. Kò ní ọgọ́rùn-ún, kò ní kí wọ́n kún ojú títì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wá ènìyàn mẹ́wàá náà. Wọ́n tẹ ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná. Wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Wọ́n bẹ ìbátan, wọ́n bẹ ẹni tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Onílù Ìjì tilẹ̀ lọ bẹ aládùúgbò tó ni ewúrẹ́. Gbogbo ibi ni wọ́n wá wọn dé, àfi ibi tí wọ́n wà.

Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí n sọ àṣà kan fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ní ìlú yẹn, bí ẹgbẹ́ kan bá ń ṣeré, ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù á jáde sábẹ́ igi. Wọn á máa mu omi inú ọ̀rá, wọn á máa fi onílù àwọn tó wà nínú ṣẹ̀sín. Bí ìdí kan bá mú kí ẹnì kan wà nínú ilé, á ká apá mọ́ àyà, á wo òrùlé. Ẹ mọ̀ pé nínú orin yìí, orí la fi ń yin ni. Bí ó bá dùn mọ́ni, orí á máa mì síwá sẹ́yìn. Ní ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó ń mi orí fún ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ Irin Gbóná kan mì í fún Eérú lẹ́ẹ̀kan, kò ju bí ìgbà mẹ́rin lọ. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi pè é ní ìyàwó Eérú.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Bọ̀dá Gìtá ni. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mákindé ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Ó kọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ náà là, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Eérú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Eérú kọ́kọ́ ṣeré ní ibi ìlagi, Bọ̀dá Gìtá dìde, ó ní òun ń lọ mu omi. Ó mu omi náà títí orin mẹ́fà fi parí. Àgbà ni, àwọn yòókù ń wò ó. Ní Sátidé kejì, òùngbẹ gbẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìkẹta, òùngbẹ náà ti ran gbogbo ìlú. Àwọn Eérú fúnra wọn náà kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mu ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí Baba dá wá pé. Ọjọ́ náà la bá ọkùnrin wa tó ń gun òkè bọ̀ yìí. Àpáta Dúdú ti ṣeré, Ìjì ti ṣeré. Eérú ló wà nínú. Kò sí ará ìlú kankan, àfi ọmọbìnrin méjì tó yọjú, tí wọ́n fi ìka di etí, tí wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Baba nìkan ló jókòó sórí òkìtì pákó nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Àwọn yòókù wà lábẹ́ igi. Pẹ̀lú ọkùnrin wa, wọ́n di mẹ́rìnlá.

Onílù Ìjì ní, "Ẹ gbọ́ onílù wọn. Ó dà bí ẹni tó ń lé adìẹ."

Ẹlòmíràn ní, "Adìẹ ti délé, ó ti sùn. Òun ò tíì yà ní kọ̀nà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Àpáta Dúdú kan ní, "Ṣùgbọ́n Baba wà nínú o."

"Ṣé kó má wà nínú ni? Ilé ẹ ni?"

"Mo ní ó wà nínú, òun nìkan. Ẹ jẹ́ ká wọlé, ká kàn dúró."

"Ìwọ wọlé nígbà náà. Kí ìyàwó Eérú ṣáájú, kí ìwọ orogún rẹ̀ tẹ̀ lé e."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yíjú sí Bọ̀dá Gìtá. "Bọ̀dá, ẹ dá sí i. Bí ẹ bá wọlé, gbogbo wa la máa wọlé."

Òótọ́ ni. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù kí àgbà náà wọlé. Gbogbo wọn ń wo búùtù rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí èyí ná."

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Orin tuntun ni àwọn Eérú ń kọ. Láàárín rẹ̀, gìtá á dákẹ́ lójijì, ìlù nìkan á máa rìn, á rìn títí tí etí ẹni á fi rò pé gìtá ti kú, kó tó wọlé padà. Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe ti Mákindé. Ẹ̀yìnkùlé ìyá Bọ̀dá Gìtá ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, imú búùtù ọkùnrin náà ń lu ilẹ̀ nínú lúbúlúbú igi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun mọ̀. Gìtá dákẹ́, búùtù dákẹ́. Ìlù rìn. Gìtá wọlé, búùtù náà wọlé, kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ̀. Ó mọ orin náà ju àwọn tó ń kọ ọ́ lọ. Ó dùn mọ́ ọn. Ó ká apá mọ́ àyà, ó sì ń wo ewé dóńgóyárò.

Eérú parí, wọ́n jáde. Irin Gbóná wọlé. Eérú bọ́ sábẹ́ igi. Bọ̀dá Gìtá lu gìtá títí òógùn fi ń kán sórí okùn rẹ̀, ó sì bú ramúramù bí ẹni tí ń jà fún ilé bàbá rẹ̀. Láàárín pákó ògiri, ó ń rí ẹ̀yìn Mákindé níta. Ó ń wo ẹ̀yìn náà bóyá á yí padà. Kò yí padà. Bẹ́ẹ̀, òun ló kọ́ ọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Baba jáde. Ó ń fi ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ṣeré. Mo mi orí fún ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọrùn ń dùn mí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Baba kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí ẹ̀ ń ṣe yẹn, bí ẹ̀rọ mi ṣe máa ń ké nìyẹn bó bá bọ́ sórí igi ìrókò. Mo mọ̀ ọ́n. Ó yé mi díẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní kí n rí ẹni tí a jọ ń mi orí. Pákó ni mo rí."

Olórin Ìjì ní, "Baba, ẹ má bínú. Ìlú yìí ni. Àwọn ará ìlú ò mọ nǹkan tó dáa."

"Ta ló ń sọ ti ará ìlú? Ènìyàn mẹ́wàá ni mo ní. Mi ò ní ènìyàn mẹ́wàá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin ni mo ń kà láti ojú ihò ògiri. Kò sí ìgbà kan tí ẹ ò tó mẹ́wàá lábẹ́ igi yìí. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkara, ayé á bá a fi kólẹ̀. Ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó lọ. Síméǹtì ń bọ̀ ní Mọ́ńdè."

Ó bọ́ sínú lọ wá ẹ̀wọ̀n tó máa fi ti ṣẹ́ẹ̀dì.

Nígbà náà ni ẹnu wọn là. Ìjì ní Àpáta Dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Àpáta Dúdú ní àwọn ti sọ pé kí wọ́n wọlé. Ẹnì kan ní síméǹtì ni, ẹnì kan ní ayé ni. Ẹni tó mú ìgbálẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, Mákindé ni. Ó gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ Bọ̀dá Gìtá, ó dúró, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Bọ̀dá, orin wa tuntun yẹn, ibi tí gìtá ti dákẹ́. Ṣé a ṣe é bó ṣe yẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ẹ ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù yìí pé ìlú ló pa orin yín, pé ìlú ò gbọ́ tiyín. Ó ti sú mi láti máa mi orí sí i. Àwọn tó lé yín kúrò ní gbọ̀ngàn burú, mo gbà. Iná tí kì í dúró burú. Ṣùgbọ́n ìlú kọ́ ló ká apá yín mọ́ àyà yín. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ṣeré kẹ́yìn, mo rí ibi tí ẹ wà. Mo rí ike omi lọ́wọ́ yín. Mo rí ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú. Kí ẹ tó tún lẹ ìwé mọ́ òpó iná láti fi wá olùgbọ́, ẹ lọ wọlé kí ẹ di ọ̀kan. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà ṣì ń retí ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíràn ní ìlú yìí tó lè dá a lóhùn.

Ní ti ọkùnrin inú ìtàn mi, ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rìn kọjá lórí ilẹ̀ tí Mákindé ti gbá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.