Ẹbọ Omi Òjò fún Ẹ́ńjìnnì Orí Ọ̀sà

Ahọ́n ń gbé inú itọ́, síbẹ̀ ó ń ké òùngbẹ. Ohun tó dúró sínú omi kọ́ ni omi ń dé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde fún Ẹbíwọ́njúmi nìyí, atukọ̀ ìlú Orí-Òkun, lọ́jọ́ tí ó ń fi ẹkún ṣe ìráhùn nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọ̀n tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó tà kí ó tó ra ìkẹta, ìyẹn náà sì ti fẹ́ tẹ̀lé àwọn aṣáájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé àárín ọ̀sà, orí ẹ́ńjìnnì á gbóná bí agbada àkàrà, èéfín á sì gba ojú èrò, wọ́n a sì máa sá fún ọkọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oyún Ọlátóún aya rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, òdìkejì ọ̀sà sì ni ilé ìwòsàn wà. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú, ta ni yóò gbé e kọjá?

Ó mú ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá Mafimisẹ́bi lọ, alàgbà ilé àdúrà tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní etídò. Ayénúró, atukọ̀ ẹgbẹ́ Ẹbíwọ́njúmi tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, bá a lọ.

Bàbá ní kí Ẹbíwọ́njúmi tan ẹ́ńjìnnì náà létí omi. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ẹni ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ihò kékeré tí àwọn atukọ̀ ń pè ní ojú ìtọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá a máa tọ omi síta níbẹ̀ gbọnrangandan. Tẹni yìí ń kán tó, tó, tó, ó sì gbóná.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," ni Bàbá wí.

Ayénúró bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá! Ohun tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ kúkú ní ká lọ fún ẹja lómi mu!"

Bàbá mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ omi, ó sì yọ rọ́bà róbótó kan tó ní apá yíká bí abẹ̀bẹ̀. Apá kan ti ká kò, òmíràn ti já sọnù.

"Ẹ wo ọgbọ́n tí Olúwa fún ọmọ ènìyàn," ni ó wí. "Bí rọ́bà yìí ti ń yí ni ó ń fa omi ọ̀sà gòkè. Omi á wọlé ní tútù, á yí iná ká, á ru ooru rẹ̀ bí ẹrù, á sì bá ojú ìtọ̀ jáde. Ìránṣẹ́ olóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iyanrìn a máa jẹ rọ́bà. Iyọ̀ ọ̀sà náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sùn, a máa gan mọ́ ojú ọ̀nà bí ó ti ń gan mọ́ ìdí ìkòkò àwọn ìyá wa tó ń se iyọ̀. Ọ̀nà ti dí, ọmọ mi. Ẹbọ ni kí o rú."

"Kí ni ẹbọ náà, Bàbá?"

"Rọ́bà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tí o bá tàjò dé, ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi òjò, kí o tàn án, kí ó mu títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́. Lójú agbami, bí o kò bá rí ìtọ̀ rẹ̀, má lọ síwájú."

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, iyọ̀ sì ni gbogbo omi Orí-Òkun. Omi òjò tí wọ́n gbè láti orí òrùlé ni wọ́n ń mu, ẹnikẹ́ni kì í sì fi í ṣan ẹsẹ̀.

"Bàbá, omi tí ọmọ mi yóò mu ni kí n fún irin?"

"Ohun tí kò bá dun èèyàn kì í jẹ́ ẹbọ."

Ayénúró pòṣé. "Ẹ́ńjìnnì tèmi náà ń gbóná. Ẹ̀tanú àwọn ọ̀tá ló ń mú un. Omi mímu, fún irin? Láéláé!" Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ẹbíwọ́njúmi délé, ó rojọ́ fún aya rẹ̀. Ọlátóún fọwọ́ lé ikùn. "Irin yẹn ni yóò gbé mi lọ síbi tí n ó ti bímọ. Ẹ jẹ́ kó mu. Àwa á máa fi ìwọ̀n mu tiwa."

Ẹbíwọ́njúmi gbọ́, ó rúbọ: ó ra rọ́bà tuntun, ó sì ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ omi òjò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèpá iyọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí èèpo ẹyin, lẹ́yìn náà ni omi wá ń tọ̀ gaara. Àwọn aládùúgbò fi í ṣẹ̀sín: "Bàbá ẹ́ńjìnnì, ṣé ọmọ ti mumi? Ẹ gbé e pọ̀n o!" Ó rẹ́rìn-ín, kò dẹ́kun.

Ọmọ mú Ọlátóún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ń sáré geere. Láàárín ọ̀sà, Ẹbíwọ́njúmi wẹ̀yìn, ìtọ̀ ti tín-ín-rín. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ má dúró!" ni Ọlátóún ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń bọ̀!"

Ẹbíwọ́njúmi rántí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè, ó bá láílọ́ọ̀nù tó wé mọ́ ẹnu tí ó fi ń fa omi. Ó já a, ó tan ẹ́ńjìnnì padà. Ìtọ̀ yọ gbọnrangandan. Ilé ìwòsàn ni Ọlátóún bí ọmọbìnrin sí, tìyátọmọ ló là á já.

Bí Ẹbíwọ́njúmi ti ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ láti lọ kó aṣọ ọmọ, ó rí ọkọ̀ kan tí ìgbì ń tì kiri. Ayénúró ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná, ó ti gan, oòrùn sì ti ń pa Ayénúró láti àárọ̀. Ètè rẹ̀ ti là.

"Omi," ni ó wí. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ọ̀sà lọ salalu yí wọn ká. Ẹbíwọ́njúmi na kẹ́ẹ̀gì omi òjò sí i. Ó mu, ó mu, ó mí kanlẹ̀.

"Àbúrò, àṣé òùngbẹ lè gbẹ èèyàn báyìí láàárín omi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, ẹ̀gbọ́n mi, irin náà pẹ̀lú."

Ó so okùn mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fà á délé. Láti ọjọ́ náà, èrò kò tún sá fún ọkọ̀ Ẹbíwọ́njúmi mọ́. Ẹ́ńjìnnì kẹta náà ni ó fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ayénúró fi àjẹ̀ wakọ̀ pẹ́, àbámọ̀ ni ó fi ṣe ẹlẹ́gbẹ́. Ẹni tó gbọ́ rú, ara tù ú. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, àárín omi ni òùngbẹ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.