Àkọ́rọ̀ Òjò Tí Àwẹ̀ró Ń Retí

Lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú wa, tí odò gbẹ dé ìsàlẹ̀, omi tó kù nílé Àwẹ̀ró kò ju ìlàjì àmù kan lọ. Òun ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí ibà ti dá wó, ń mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣàdédé ṣú dùdù. Àwẹ̀ró sáré fa àmù síta. Ní abúlé wa, omi àtijọ́ kì í bá àkọ́rọ̀ òjò pàdé nínú àmù kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́.

"Ìyàwó," ìyá àgbà ké látorí ẹní nínú yàrá, "a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù. Ṣé ààrá sán?"

"Rárá, Ìyá."

"Atẹ́gùn ńkọ́?"

"Kò fẹ́. Ẹ ò rí i bó ṣe ṣú ni!"

Ó da omi náà nù. Ilẹ̀ fà á mu lójú ẹsẹ̀.

Òkùnkùn náà ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Àwọn adìyẹ tó yẹ kí wọ́n sá wọlé ń sáré jáde. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lórí páànù, pàrà, pàrà, pàrà. Àwẹ̀ró kígbe ayọ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ gbẹ, ó lẹ́sẹ̀, ó sì ń rìn.

Eéṣú ni.

Nígbà tí wọ́n fi gbéra lọ, ewé kan kò kù lórí igi, ojú ọ̀run sì mọ́ gaara. Ìyẹ́ ló kún inú àmù.

"Ìyàwó, o mà jàre o," ni ìyá àgbà wí láti inú yàrá. "Mo gbọ́ bó ṣe ń rọ̀ lórí páànù. Bu díẹ̀ wá kí n mu."