Iṣẹ́ Tí Mo Kọ́ ní Igbó Elétí

Ẹ jókòó, ẹ má wulẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó bá sì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn lè máa lọ sílé. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ mi. Ọdẹ ni bàbá mi ní Òkè-Ìlápó, àwa méjì péré ló sì bí, èmi àti àbúrò mi Ọdẹ́tóyè. Kò sẹ́ni tó rán mi nílé ìwé. Ara ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ìbọn ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ ọ́n yìn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé nìyí. Ìyàwó Ọdẹ́tóyè kú síbi ìbímọ, ọmọ náà kò sì dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin wọ́n ni àbúrò mi ti jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbẹ bí ẹran tí a gbé kọ́ òkè ààrò. Gbogbo ìlú wá tù ú nínú. Wọ́n ní kó mú ọkàn le, wọ́n ní ọkùnrin ni, wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n èmi náà kò ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju tiwọn lọ. Ni àgbà ọdẹ kan bá sọ fún mi pé àwọn iwin kan wà ní Igbó Elétí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, títí ọkàn náà á fi tòrò, àti pé wọ́n ń kọ́ ènìyàn tó bá lè fara dà á.

Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ládé, àbúrò ìyá wa. Bí mo ṣe gbé àpò kọ́ èjìká, Ọdẹ́tóyè di okùn rẹ̀ mú. Mo tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ. Ìyá Ládé ń bi mí lẹ́yìn pé ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn ni mo fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́.

Igbó náà kì í ṣe irú igbó tí ẹ mọ̀. Ewé ibẹ̀ fẹ̀ bí etí erin, ó sì ń yí sí ibi tí ohùn bá ti jáde. Bí mo bá wúkọ́, gbogbo igi á tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi bí àwọn tó ń yọjú wo ìjà. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti bá Ìyá Elétí, olórí wọn. Etí bò ó láti èjìká dé orúnkún, ẹnu rẹ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde níbẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Mo kúnlẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá kọ́ bí mo ṣe máa wo àbúrò mi sàn. Ó ní iṣẹ́ ni òun lè kọ́ mi, pé ti àbúrò mi yàtọ̀. N kò béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Mo wọlé.

Ìdánwò kìíní, ó ní kí n lọ dúró ní ojú ọ̀nà kan. Iwin kan ń bọ̀ níbẹ̀ tó ga bí ọ̀pẹ, ọrùn rẹ̀ tínrín, ó sì ru òkúta ńlá kan tí omi ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń ṣe nílé wa tí a bá pàdé ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. A kì í bi í. A máa bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀ ni. Mo gun igi kan, mo gbá òkúta náà mú, mo gbé e kúrò lórí rẹ̀. Iwin náà ṣubú gbì. Ó ti pẹ́ tí ẹrù náà ti ń gbé ọrùn rẹ̀ dúró. Òkúta sì lẹ̀ mọ́ orí tèmi.

Iwin náà bi mí láti ilẹ̀ pé, "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ó wúwo fún yín ni."

"Ó wúwo. Ọmọ mi ni. Ṣé o bi mí bóyá mo fẹ́ sọ̀?"

Mo ní n kò bi í. Ó ní kí n wá bi òun nísinsìnyí. Mo bi í, ó ní rárá, òun kò tíì fẹ́ sọ̀. Ohun tí òun ń wá ni ẹni tó máa bá òun rìn díẹ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà tú lórí mi. Mo gbé e rù ú, mo sì bá a rìn dé ìparí ọ̀nà náà. Ó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ohun tó sọ kì í ṣe tiyín.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ṣẹ́. Iwin olórí méjì kan wá, orí kìíní ní kí n gbè sẹ́yìn òun, èkejì ní kí n gbè sẹ́yìn òun. Ó ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n gé ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́, mo gbọ́ àwọn méjèèjì. Mo wá mọ iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi tilẹ̀ dùn sí i. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Bí iwin kan bá rẹ́rìn-ín níwájú mi lẹ́yìn ẹkún, inú mi á dùn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni màá rántí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé wa. Mo ń jẹ iyán, mo ń rò ó pé ta ló ń bọ́ ọ. Ohùn àlejò ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ ti ọmọ ìyá mi.

Nígbà tó ku ìdánwò ìkẹyìn, Ìyá Elétí mú mi jókòó.

"Ká ní Ọdẹ́tóyè jókòó níwájú rẹ báyìí, kí lo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?"

Mo ní mo fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dùn ún. Ó ní irọ́ ni. Ni mo bá sọ òótọ́.

"Mo fẹ́ kó sọ pé òun ti dárí jì mí pé mo fi òun sílẹ̀."

"Nítorí ìyẹn ni o kò fi ní lè gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Má ṣe é fún un."

"Ìyá, nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Elétí wí.

Mo bínú, mo sì sunkún níwájú rẹ̀. Kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi mí jẹ oyè agbọ́ràn, ìyẹn ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígbọ́ náà, ó sì ní kí Látúndé bá mi lọ. Apẹja ni Látúndé, láti etí òkun, akólòlò ni, a sì jọ kọ́ṣẹ́ náà ni. Lójú ọ̀nà ó ní mò ń rìn bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn.

Ìyá Ládé kò kí mi káàbọ̀. Wọ́n ní tí mo bá ti kọ́ṣẹ́ náà tán, kí n wọlé lọ wo àbúrò mi sàn. Mo ní Látúndé ló máa wọlé. Látúndé bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"O já a jù sílẹ̀, o lọ kọ́ṣẹ́, akólòlò lo wá gbé bọ̀ fún un?"

Mo lọ bá Ọdẹ́tóyè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí jókòó ti òun. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ojoojúmọ́ ni Látúndé ń wọlé tì í. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ ní àgbàlá, mo sì ń sún ẹní mi jìnnà kí n má baà gbọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹkún àbúrò mi, ẹkún rara. Ẹsẹ̀ mi ti dìde kí n tó mọ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti yà, mo gba odò lọ, mo dúró sínú omi títí òtútù fi mú mi.

Nígbà tí mo padà, Ọdẹ́tóyè wà níta, ó ń jẹ èkuru. Ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù," ló wí.

N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. N kò bi í, n kò sì bi Látúndé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí nítorí ẹnì kan nílé, ẹ lọ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni náà kọ́ lẹ máa ṣe é fún. Ẹ wá ẹlòmíràn fún un, kí ẹ sì jókòó síta. Ó máa dùn yín. Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ọmọbìnrin kan ń dúró dè mí nínú iyàrá, àbúrò ẹlòmíràn ni.