Àlàmú Gbé Ilé Lọ

Àlàmú ń wa mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú lọ lójú ọ̀nà oko àtijọ́ kan ní Ítálì. Ó dúró kí agbo àgùntàn kọjá, ó sì tún tẹná. Ọkùnrin! Kò wẹ̀yìn.

“Àṣàkẹ́, bu omi fún mi.”

Ó rò pé ìyàwó òun ń sùn lẹ́yìn ni, ó tún pè é.

“Ìjà àárọ̀ ò tíì tán ni? Ó dáa, mo jẹ̀bi!”

Ó yọjú wo bẹ́ẹ̀dì, ó ṣófo. Ó ṣẹ́rí mọ́tò padà.

Abẹ́ igi ólífì kan, níbi tí àgùntàn ti kọjá, ló ti bá a, tí òun àti ìyá arúgbó kan jọ ń jẹ búrẹ́dì.

“Ìyá ń ká èso, mo ní kí n kí wọn kú iṣẹ́. Bí mo ṣe yíjú, ilé ti lọ! Bàbá Ìbídùn, bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ẹ̀yin gbé ìkarahun lọ, ẹ fi ìgbín sílẹ̀!”

“Jọ̀ọ́, ìgbín, wọlé.”

“Ìgbín ń jẹun lọ́wọ́,” ni Àṣàkẹ́ wí, ó sì bu búrẹ́dì fún un.