Òdòdó tí Ọkọ́ Ń Yà Fún

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn lápá Ṣakí, tó ń gbin ọkà bàbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Opó tí ẹ̀gbọ́n náà fi sílẹ̀ ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti ọmọ mẹ́ta sì ti ń jẹun.

Lọ́dún kan, òdòdó kékeré kan tó ní àwọ̀ àlùkò yọ nídìí ọkà ọkùnrin yìí. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wò ó títí, inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi kí òun láti ọ̀run. Gbogbo èpò ló ń ro dànù, àmọ́ bó bá ti dé ìdí òdòdó yìí, ọkọ́ rẹ̀ á yà fún un.

Òdòdó náà di mẹ́wàá, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Òjò ń rọ̀, omi ń ṣàn láàárín ebè, síbẹ̀ ńṣe ni ewé ọkà ń ká kò bí ẹni pé òùngbẹ ń pa á. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ta ló ń mu omi yìí? Ó bojú wẹ̀gbẹ́, ó rí ọkà opó tó dúdú minimini. Ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé lọ, ó ní obìnrin náà ló ń ṣépè fún oko òun. Wọ́n gba ilẹ̀ opó náà, wọ́n fi fún un.

Lọ́jọ́ tí opó náà ń lọ, ó yà sínú oko tí ọkùnrin náà ti ń ro. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ tútù náà jẹ́jẹ́, ó fa òdòdó kan tu. Ọkà bá a jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú gbòǹgbò ọkà, ó so mọ́ ọn bí ọmọ tó ń mu ọmú.

“Ọkọ mi, ẹ wò ó. Nílé bàbá mi, bá a bá ti rí i la ń fà á tu. Kó tó yọ sókè rárá ló ti ń mu omi ara ọkà. Ṣé èpè tèmi nìyí?”

Ó gbẹ́rù, ó lọ. Ọkùnrin náà pè é, pè é, kò wẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà fa gbogbo òdòdó náà tu, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kúnná bí eruku, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ti bá a kiri. Lọ́dún kejì, ó gbin ọkà sí ilẹ̀ opó. Òdòdó náà yọ níbẹ̀, ó tò tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ebè dé ebè.

Ìwọ tó jókòó síwájú ọpọ́n Ifá mi yìí, tí o ní kí n bá ọ wá ẹni tó ń mu ilé rẹ gbẹ, má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Padà sílé, kí o lọ wo ohun tí ọkọ́ rẹ máa ń yà fún.