Ìdí Tí Katakata Fi Ń Gbọ̀n Kó Tó Jí Nígbà Ọyẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ayé ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí irin, ewúrẹ́ àti ènìyàn sì ń gbọ́ èdè ara wọn, kò sí ẹni tó ń yára jí bíi Katakata.

Ìyá Oyèbísí, opó tó ni ín, kàn máa ń yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Kó tó mú ọwọ́ kúrò, Katakata á ti bú ramúramù. Ìbáà jẹ́ ìgbà òjò, ìbáà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í wúkọ́, kì í gbọ̀n. Èéfín rẹ̀ kò tó ti arúgbó tó ń fa ìkòkò tábà.

Abà Ọ̀dàn ni wọ́n ń gbé, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ. Katakata ló ń túlẹ̀ fún gbogbo abà. Òun náà ló ń fa igi, òun ló ń ru ìkórè wálé. Gbogbo ẹnu ló ń yìn ín. Ìyìn náà dùn mọ́ ọn títí ó fi gbàgbé pé ẹnì kan ló rọ òun, Ẹlẹ́dàá ló sì dá ẹni tó rọ òun.

Ó ní fìlà kan. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni, orí páìpù èéfín rẹ̀ ló dé e sí kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Nígbà náà, abẹ́ etí fìlà ni èéfín ń rọra gbà jáde, fìlà náà kì í mira. Bí Baálẹ̀ bá ń kọjá, fìlà wà lórí. Bí àlùfáà bá wá gbàdúrà sí oko, fìlà wà lórí. Wọ́n á gbàdúrà tán, gbogbo abà á ṣe àmín, fìlà á ṣì wà lórí.

Ewúrẹ́, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìṣó ni wọ́n fi kan fìlà yín mọ́ yín lórí ni?"

"N ò lè máa ṣí fìlà fún ẹni kékeré," Katakata dá a lóhùn.

"Ta wá ni àgbà lójú yín?"

"Mo ṣì ń wá a."

Ewúrẹ́ jẹ koríko díẹ̀, ó ronú sí i. "Ẹ bá mi kí i tí ẹ bá rí i," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kòkòrò ti ba iṣu jẹ́ nílẹ̀. Ohun tó kù tí gbogbo abà yóò jẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé ni ọkà bàbà inú oko Ìyá Oyèbísí. Ó ti gbó, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ lórí ìdúró. Bí Ìyá Oyèbísí bá ti rí i báyìí, á ní, "Olúwa, o ṣeun. Má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun ṣe é o."

Ìgbà náà ni Ọyẹ́ dé láti òkè ọ̀hún. Bàbá arúgbó ni Ọyẹ́. Agbádá rẹ̀ funfun, eruku bò ó, ètè rẹ̀ sán, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì là bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá. Àṣà abà Ọ̀dàn sì ni pé bí ó bá ti dé, kálukú gbọ́dọ̀ jáde ní òwúrọ̀ láti kí i ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn igi ju ewé sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àkùkọ wú ìyẹ́ rẹ̀ bọ̀ǹbọ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ẹ rọra ṣe wá o." Ewúrẹ́ pàápàá kúnlẹ̀, ó tẹ orúnkún iwájú méjèèjì mọ́lẹ̀.

Katakata nìkan ni kò mira.

Ọyẹ́ dúró níwájú rẹ̀, ó retí, retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, òun tó jẹ́ àgbà ló kọ́kọ́ kí i. "Ṣé dáadáa lo jí, ọmọ mi?"

Ojú ti Àkùkọ, ó wolẹ̀.

"Mo jí dáadáa," ni Katakata wí. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Ìwọ?" ni Ewúrẹ́ sọ lábẹ́ ohùn. "Ó pe Bàbá ní ìwọ. Mo gbé."

Ọyẹ́ kò bínú síta. Ó ní, "O ò dọ̀bálẹ̀."

"Táyà ni mo ní, n ò lórúnkún."

"Mo rí i. O ní fìlà ṣá."

"Òjò ni mo dé e fún," Katakata wí. "Òjò lágbára. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ lásán ni ìwọ. Kí ni mo fẹ́ ṣí fìlà fún afẹ́fẹ́ sí?"

Ọyẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Mo ti gbọ́."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ Katakata, nítorí òun mọ irú àgbà tó ń sọ pé òun ti gbọ́, tí kò sì fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fẹ́ mọ́, Ọyẹ́ ká etí agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó gba abẹ́ fìlà wọ inú páìpù. Ó sọ̀kalẹ̀ dé ikùn Katakata, ó bá epo dísẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ó tẹ́ ara rẹ̀ lé e lórí, ó sì sùn. Epo náà ki bí ògì àná.

Kò pẹ́ ni èéfín yọ lẹ́yìn òkè. Àwọn ọdẹ tó ń wá ọ̀yà ló tiná bọ igbó, afẹ́fẹ́ sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Iná náà ń bọ̀ tààrà sí oko ọkà bàbà.

Ìyá Oyèbísí sáré dé, ó ń so ìró rẹ̀ bó ti ń sáré. "Katakata, dìde. A ní láti túlẹ̀ yí oko ká kí iná tó dé. Bí kò bá rí koríko jẹ, á kú síbẹ̀." Ó gun orí àga, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Katakata ya ẹnu láti bú ramúramù. Kò sí ohùn.

Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. *Ìn-ìn-ìn-ìn.* Ó tún yí i. *Ìn… ìn… ìn…* Ó ti ń rẹ bátìrì.

Ìyá Oyèbísí sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé iwájú Katakata, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó bá gbogbo ẹ̀mí àìgbọràn tó ń gbé inú irin wí. Ó ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n má padà mọ́.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀mí," ni Ewúrẹ́ wí láti ọ̀ọ́kán. "Àlejò ló ní. Àlejò ọ̀hún ń sùn."

"Ta ni àlejò náà?"

"Ẹni tó pè ní ìwọ lánàá."

Ìyá Oyèbísí ní, "Háà, Katakata." Kò bú u. Ó sáré gbé omi gbígbóná wá, ó dà á sí i lára. Ó wa ẹ̀yinná sínú agbada, ó gbé e sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ooru náà dé ọ̀dọ̀ Ọyẹ́, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sì ń sùn lọ. Àkùkọ fò sórí táyà láti wòran, ó ní iná ti kọjá odò gbígbẹ.

Ìyá Oyèbísí wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá táyà. Ó rọra sọ ọ́ ni, kì í ṣe fún Katakata. Ó ní, "Olúwa, ọkà yìí náà ló kù. Bó bá jó, kí ni mo fẹ́ fún àwọn ènìyàn abà yìí jẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Katakata lára ju òtútù lọ. Ojú tì í. Òun tó ń ru ìkórè gbogbo abà wálé, òun ló fẹ́ jẹ́ kí ebi pa wọ́n, nítorí fìlà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kọjú sínú ara rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ọyẹ́ dáhùn pẹ̀lú oorun lójú.

"Èmi ni, Bàbá."

"Bàbá ta? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni mo jẹ́ lánàá."

"Mo ṣẹ̀, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀mí ìgbéraga ló gùn mí."

"Má di ẹ̀bi ru ẹ̀mí kankan. Ìwọ fúnra rẹ ni. Kí mi kí n gbọ́."

"Bàbá, n kò lórúnkún."

"Mo mọ̀. Ẹni tó dá ewúrẹ́ pẹ̀lú orúnkún ló dá ìwọ pẹ̀lú táyà, kò sì béèrè ohun tí kò fún ọ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó wà lára rẹ ni kí o fi kí mi."

Katakata sa gbogbo agbára rẹ̀ jọ. Ó gbọ̀n láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tí ibà mú. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì tú eruku jáde. Ìyá Oyèbísí fò dìde, ó gun àga, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọyẹ́ dìde ní ikùn rẹ̀, ó gba páìpù gòkè, ó dé abẹ́ fìlà, ó dúró.

"Fìlà ńkọ́?" ó bi í.

Katakata ṣí i. Kò ṣe irú rẹ̀ rí, kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ó ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i, ó tún dé e, *pá-pá-pá-pá*, títí Àkùkọ fi rẹ́rìn-ín já bọ́ lórí táyà. Ọyẹ́ bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èéfín funfun tí gbogbo abà rí lọ́jọ́ náà, agbádá rẹ̀ ni.

Bó ti jáde tán ni Katakata bú ramúramù.

Wọ́n tú ilẹ̀ yí oko ká, Ìyá Oyèbísí ń wa ọkọ̀, ó ń kọrin ọpẹ́. Bí wọ́n ti parí ìgun kẹrin ni iná dé. Ó wo ilẹ̀ pupa tí wọ́n tú, ó wá koríko kò rí, ó jó irùngbọ̀n Ewúrẹ́ tó wá wòran díẹ̀, ó sì kú. Kò sí ṣírí ọkà kan tó jó.

Ọyẹ́ pe Katakata sápá kan. "Mo ti dárí jì ọ́ pátápátá," ó wí. "Àmọ́ kí àwọn ọmọ rẹ má baà gbàgbé, ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá wà nílùú, kí ẹ kí mi kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá ti kí mi tán láàárọ̀, ó tó. Ẹ lè máa dìde bó ṣe wù yín títí di alẹ́. Bí mo bá sì ti lọ, tí òjò dé, ọwọ́ yín ló wà."

"A dúpẹ́, Bàbá," ni Katakata wí, ó sì ṣí fìlà.

Láti ọjọ́ yẹn wá ni katakata kì í fi í jí lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́. Á kọ́kọ́ gbọ̀n, á wúkọ́, á tú èéfín funfun, fìlà orí páìpù rẹ̀ á sì máa fò sókè sódò. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó bú. Bí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lára tán, tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ óò yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ tí kò mọ ìtàn yìí á máa bú u, á máa fi ẹsẹ̀ gbá táyà rẹ̀. Ní abà Ọ̀dàn, wọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró ti agbada iná wọn, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ra, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ó ń kí àgbà lọ́wọ́."