Àwẹ̀ró, Ẹni tí Àárò Ọmọ Ń Sọ

Ẹ̀rín ẹnu kò wo egbò inú, ìdákẹ́jẹ́ kò lé ibà lọ: ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún Àwẹ̀ró, aláró Òkè-Ẹ̀lú, ní ọdún tí àárò ọmọ fẹ́ pa á.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró bí, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ìbídùn lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí ìlú wọn. Èèwọ̀ Òkè-Ẹ̀lú sì ni pé ìyá ìyàwó kò gbọdọ̀ tẹ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é wá wẹ ọmọ tuntun. Ọdún kìn-ín-ní kọjá, ìpè kò dé. Èkejì kọjá. Nígbà tí ìkẹta fi máa wọlé, Àwẹ̀ró kò mọ̀ mọ́ bóyá ọmọ òun wà láyé.

Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ó má wo ọ̀nà odò. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn ògiri, àyà rẹ̀ a já. Bí ajá bá gbó, a sáré jáde. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, inú ń rún un, orí ń fọ́ ọ, irun rẹ̀ ń já, oorun sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kí i pé, “Ìyá Ìbídùn, ṣé àlàáfíà ni?” a fi ẹ̀rín dáhùn pé a dúpẹ́. Ojú ń tì í, kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ń sunkún ọmọ tó ti fi fọ́kọ. Iṣẹ́ ló fi ń bo ara. Ìkòkò aró mẹ́ta tó ń lò tẹ́lẹ̀ di méje, kò sì sinmi ní ọrọọrún, ọjọ́ karùn-ún karùn-ún tí àwọn aláró yòókù ń sinmi. Àgbo tó mu kò níye, kò sì sí èyí tó ràn án.

Àbẹ̀jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aláró bíi tirẹ̀, wà nínú irú ọ̀ràn kan náà. Ọkùnrin ni ọmọ tirẹ̀, Ìṣọ̀lá, tó bá àwọn ológun lọ tí kò tíì bọ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣuntóóyìn, àgbà obìnrin tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìyá da ẹyọ, ó wò ó pẹ́, ó ní:

“Ẹnikẹ́ni kò ṣe yín. Bí ènìyàn bá pàdé ẹkùn lóko, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, ebi a sá, oorun a lọ, ẹsẹ̀ a yá. Oore ni ara ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹkùn náà bá wà nínú ọkàn, ara kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹkùn oko. Orí ìjókòó ni yóò ti máa sáré. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti ń sá, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Àbẹ̀jẹ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá ní kí wọ́n rú ẹyẹlé méjì, obì àti oyin. Èyí rọrùn, ìyókù ló le. Ọrọọrún mẹ́rìndínlógún, kí ọwọ́ wọn má kan aró; kí wọ́n se oúnjẹ, kí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn mẹ́ta wá jẹ ẹ́, kí wọ́n sì sọ ohun tó ń dùn wọ́n lójú àwọn yẹn, láìfi ẹ̀rín bò ó.

Àbẹ̀jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ dákun, ṣé ẹbọ ni kí n máa ka ìṣòro mi fún ayé gbọ́? Ẹ ní kí n mú ewúrẹ́ wá, n ó mú un wá. Ẹ ní màlúù, n ó wá a. Ẹnu tèmi, n kò ní fi rúbọ.”

“Àbẹ̀jẹ́, aṣọ tí o rẹ sínú aró, ṣé o kì í yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i?”

“Mo ń yọ ọ́, Ìyá.”

“Bí o kò bá yọ ọ́ ńkọ́?”

“Yóò jẹrà ni.”

“Ó dára,” ni Ìyá wí, ó sì kó ẹyọ rẹ̀ nílẹ̀.

Àwẹ̀ró rúbọ. Ní ọrọọrún àkọ́kọ́, ó se ẹ̀bẹ, àwọn mẹ́ta jókòó, wọ́n jẹun. Ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà sọ: “Àárò Ìbídùn ń sọ mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti kú.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀jẹ́wùmí, tẹ orí ba, ó ní, “Nígbà tí tèmi lọ, ọdún kan gbáko ni mi ò fi sùn. Èmi rò pé èmi nìkan ni.” Ọ̀sán ọjọ́ náà, oorun gbé Àwẹ̀ró lọ lórí ẹní níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Títí wọn yóò fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, oúnjẹ ti ń lọ. Ọmọ kò tíì ránṣẹ́ o. Ara ló kọ́kọ́ padà wálé. Àárò wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ọkọ Ọ̀jẹ́wùmí ní àbúrò kan tó ń tukọ̀ lórí odò náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ọ̀jẹ́wùmí, ó bá Àwẹ̀ró jíṣẹ́ dé ilé ọkọ Ìbídùn, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ Ìbídùn bọ̀: “Oyún méjì ti bọ́ lára mi, màmá mi. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi ránṣẹ́.” Àwẹ̀ró sunkún níta gbangba, kò bo ojú. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé kí ó má dá a gbé, kí ó wá ẹgbẹ́ tí yóò sọ ọ́ fún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpè dé. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ náà.

Àbẹ̀jẹ́ pa ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́, ó fi ìkòkò kún ìkòkò. Bí wọ́n bá kí i, a ní a dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣubú nídìí aró, apá kan ara rẹ̀ kú, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Ìṣọ̀lá wọlé, ara rẹ̀ le koko. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá rẹ̀.

Àwẹ̀ró tó gbọ́ rírú ẹbọ tó sì rú, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ. Àbẹ̀jẹ́ tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, ọmọ dé bá a, àbámọ̀ sì ni ó kù fún un. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ló dé, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Ìṣọ̀lá kò dìde nílẹ̀, ó ń dúró kí ìyá òun ki òun ní oríkì.